Ta Ló Di A-fu Lójú?

“Mo ti wá a. Mi ò rí ìwé owó-iṣẹ́ kankan láti ọ̀dọ̀ Hsu Wan-tsai fún irin bákónì àjà kẹjọ.”

Ohùn A-fu tutù bí omi àárọ̀. Inú àpótí dúdú kékeré kan ló ti ń jáde, àpótí tó jókòó sórí pẹpẹ nínú yàrá ẹ̀rọ tó há débi pé èèyàn mẹ́ta ò lè dúró níbẹ̀ kí èjìká wọn má kanra. Chuang Yi-ning, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo tíì dání. Ìdérí ife ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí àwo náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó dákẹ́.

“Tún un wá,” ni Ìsípẹ́kítọ̀ Shih wí.

“Mo ti tún un wá. Mi ò rí nǹkan kan.”

Ìsípẹ́kítọ̀ Shih Pei-chen mi orí. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó wọ bàtà rọ́bà bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà ẹja, kò sì sí ìgbà tí nǹkan kì í sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ẹyin tí wọ́n fi tíì sè ló ń jẹ. Àwọn ọ̀daràn ìlú Taichung máa ń fojú kéré rẹ̀ títí di ìgbà tó bá nu ẹnu tán.

“Ẹ rí i fúnra yín,” ni Ọ̀gá Fan, tó ni ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé náà, wí láti ẹ̀yìn. “Irọ́ ni Wan-tsai ń pa. Kò fi ìwé kankan ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ pa, Ìsípẹ́kítọ̀.”

“Òótọ́ ni,” ni obìnrin náà wí, ó ń nu ìka rẹ̀. “Ẹ̀rọ ò mọ irọ́ pa.”

Ó gba ife tíì lọ́wọ́ Yi-ning, ó sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Bákónì àjà kẹjọ ilé tí wọ́n ń kọ́ létí odò ló já. Ó já lé Màmá Kuo tó ń lẹ táìsì lábẹ́ rẹ̀, obìnrin náà sì ṣì wà nílé ìwòsàn, wọn ò tíì mọ̀ bóyá yóò fẹsẹ̀ rìn mọ́. Nígbà tí wọ́n tú kọnkéré náà wò, irin inú rẹ̀ tín-ín-rín, ìlà kan sì wà tí wọn ò dì rárá. Hsu Wan-tsai ni fóòmàn àwọn tó ń di irin. Òun náà ló kọ́kọ́ sáré wọ inú eruku lọ, tó fi ọwọ́ lásán wú Màmá Kuo jáde. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti rún mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ti mú un.

Ohun kan ṣoṣo ni Wan-tsai ń tún sọ: “Mo sọ fún wọn. Nínú ìwé owó-iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù yẹn, ìdajì iṣẹ́ ni mo béèrè owó rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé irin tí wọ́n gbé wá kò tó, pé Ẹnjinníà Liao ló ní ká máa da kọnkéré lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wò ó.”

Wọ́n sì wá wò ó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù láti wò ó, torí fóònù Wan-tsai ti rún. Gbogbo ìwé owó-iṣẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ọ̀gá Fan ra A-fu, ẹ̀rọ onílàákàyè tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́, ó fagi lé gbogbo ọ̀nà mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ inú ètò náà, torí iye èèyàn tó ń wọ inú rẹ̀ ló fi ń sanwó. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan ló kù lẹ́yìn, èyí tí àwọn tó ṣe ètò náà là fún irú A-fu. Èèyàn kì í gba ibẹ̀. A-fu á kan ilẹ̀kùn, á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ hàn, wọ́n á sì gbé ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà láṣẹ láti rí fún un. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá láṣẹ láti rí, lójú A-fu, kò sí láyé.

Yi-ning mọ̀ pé ìwé náà wà. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a padà fún Wan-tsai lóṣù náà, nígbà tí Chun-hung fara ti tábìlì rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín, tó ní kí ó jẹ́ kí bàbá náà tún un kọ. Liao Chun-hung ni Ẹnjinníà Liao, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ohun tí ó bá fi ẹ̀rín béèrè, Yi-ning kì í lè kọ̀ ọ́. Wọ́n ti ya fọ́tò ìgbéyàwó sílẹ̀ létí adágún, nínú ìrì, aṣọ funfun Yi-ning ń fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ lékeléke, ó sì gbà nígbà náà pé ayé òun ti dé ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí bákónì já, Chun-hung gbé tíì onímílíìkì wá fún un, ṣúgà díẹ̀, kò sí yìnyín, bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ gẹ́lẹ́. “Ìfẹ́ mi,” ó ní, “nǹkan kékeré kan ni. Kí A-fu má rí àwọn ìwé tí a dá padà mọ́. Ìwọ nìkan lo mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.”

Ó ṣe é. Ó wọ yàrá ẹ̀rọ, ó ṣí àpótí náà, ó gé kọ́kọ́rọ́ A-fu kúrú. Látìgbà náà kò tíì sùn dáadáa.

*

Ìyàwó Wan-tsai dé kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. A-chin ni orúkọ rẹ̀. Alùpùpù ló gùn wá, ó gbé àpò ọ̀rá gúáfà lọ́wọ́, akoto rẹ̀ ṣì wà lórí.

“Ọmọ mi, mo mú un wá o,” ó ní, ó gbé e sórí tábìlì Yi-ning. “Ọkọ mi ní kí n má jẹ́ kí tábìlì rẹ ṣófo. Wọ́n jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ohun tó rí sọ nìyẹn! Mo ní, wọ́n fẹ́ gbé ẹ lọ sẹ́wọ̀n, gúáfà lò ń rò. Ó ní, ọmọ yẹn kì í jẹun ọ̀sán.”

“Màmá, kò yẹ kí ẹ…”

“Ìyẹ̀fun èso kíkan tó o máa ń fi jẹ gúáfà wà nísàlẹ̀. Kó o jẹ ẹ́ o. Wo bó o ṣe rù! Ṣé ọkọ ìyàwó ń lé ẹ kiri ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lójijì lẹ́nu rẹ̀. Ó di ọwọ́ Yi-ning mú. “Ṣé ìwé yẹn ò sí níbẹ̀ lóòótọ́? Agbẹjọ́rò ìjọba ní bó bá di ìrọ̀lẹ́ òní tí wọn ò rí i, ilé ẹjọ́ ló kù. Ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ yẹn. Bá mi wò ó dáadáa, ọmọ mi.”

“Mo ti wò ó, Màmá.”

A-chin fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni pé Yi-ning ni wọ́n ń tù nínú, ó sì jáde. Nígbà tí Yi-ning gbójú sókè, Ìsípẹ́kítọ̀ Shih wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, ó ń wò ó.

“Gúáfà dáadáa nìyẹn,” ni obìnrin náà wí. “O ò ní jẹ ẹ́?”

“Ebi ò pa mí, mà.”

“Mm.” Ó mú ọ̀kan láìtọrọ. Ó rí fọ́tò ìgbéyàwó lórí tábìlì náà, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní. “Ẹnjinníà Liao nìyí? Ó rẹwà. Ọkọ tèmi burẹ́wà gan-an kí ó tó kú. Mi ò sùn pẹ̀lú iyèméjì lọ́jọ́ kan.”

*

Ọ̀gá Fan ni Ìsípẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ. Ó ní kí Yi-ning jókòó, kí ó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, ìyẹn sì dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹran mú ọ̀bẹ dání.

“Ìka ọwọ́ ló ń ṣí yàrá ẹ̀rọ,” ni ó wí. “Látọjọ́ tí bákónì ti já, ìka ẹni méjì ló ṣí i. Ti ọmọ yìí, tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àti tiyín, Ọ̀gá Fan. Kí lẹ wá lọ ṣe níbẹ̀? Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.”

Ojú Ọ̀gá Fan pọ́n. “Mo… mo wọlé lọ kí A-fu.”

“Ẹ lọ kí ẹ̀rọ?”

“Ọjọ́ ìrúbọ àárín oṣù ni! A ti gbé tábìlì èso síta, a ti jó tùràrí. Mo wá rò ó pé ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ń bọ̀, kí n yáa bẹ A-fu náà kó má ṣe mí ṣìbáṣìbo níwájú àlejò. Mo tẹrí ba fún un. Ìyẹn nìkan.”

“Pẹ̀lú tùràrí?”

“Nínú yàrá? Rárá o! Aago iná á dún.”

Ìsípẹ́kítọ̀ Shih rẹ́rìn-ín títí gúáfà fi fẹ́ há a lọ́fun. Ara Yi-ning balẹ̀ díẹ̀, ó sì kórìíra ara rẹ̀ fún un. Bí Ọ̀gá Fan bá wọ yàrá náà, a jẹ́ pé òun náà ni wọ́n lè fura sí. Ó ti fi Wan-tsai sílẹ̀; ṣé ó wá kù kó máa dúpẹ́ pé ẹlòmíràn tún wà tó lè kó sí i?

“Ó dáa,” ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí. “Ẹ jẹ́ ká padà lọ kí A-fu.”

Wọ́n tún há mọ́ yàrá náà. Ó súnmọ́ àpótí dúdú náà bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

“A-fu, gbogbo ìwé owó-iṣẹ́ tó ti wọlé látìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé etí odò lélẹ̀, mélòó ni ilé-iṣẹ́ yìí dá padà fún agbaṣẹ́ṣe pé kó tún un kọ?”

“Mi ò rí ìkankan,” ni A-fu dáhùn.

Ìsípẹ́kítọ̀ Shih yíjú sí Ọ̀gá Fan, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ológbò tó gbọ́ ìró ìdérí ìkòkò.

“Ọ̀gá Fan, ẹ̀yin ò dá ìwé owó padà rí? Látìpìlẹ̀ dé àjà kẹjọ?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Inú bí Ọ̀gá Fan. “Ojoojúmọ́ là ń dá a padà! Oníwáyà wa yẹn, kò kọ ọ́ tọ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!”

“Plọ́ńbà lọkọ mi. Ìwé owó tí wọ́n dá padà fún un, mo fi ń wé ẹja ni. Kò sí ilé tí wọ́n kọ́ lórí ilẹ̀ ayé yìí tí wọn ò ti dá ìwé padà.” Ó fi ìka kan àpótí náà jẹ́jẹ́. “A-fu ò purọ́. Wọ́n di í lójú ni. Ẹnì kan gé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó lè jẹ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni yóò máa rí. Ìwé Wan-tsai wà níbẹ̀, láàárín gbogbo èyí tí wọ́n dá padà.”

“Ibo ni wọ́n ti ń tún kọ́kọ́rọ́ náà ṣe?” ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

“Inú àpótí yẹn,” ni Ọ̀gá Fan wí. “Wọ́n á ṣí ìdérí rẹ̀, wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́. Kò ṣeé ṣe láti ìta.”

“Àti kí wọ́n tó ṣí ìdérí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé èyí kúrò.”

Orí àpótí náà ni àpò ìpápánu àgbàdo aláwọ̀ ewé kan jókòó sí, ó wú bamúbamú. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí orí rẹ̀ pé ní Taichung tí kì í gbé irú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ má baà ya pòókíì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, torí iná ẹ̀rọ tó bá ń ṣe dáadáa, ewé ni. Ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣí. Ìsípẹ́kítọ̀ Shih na ọwọ́ sí i.

“Ebi tún ti ń pa mí,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n tu eléyìí…”

“Ẹ má tu ú!”

Ohùn ta ni yẹn? Ohùn Yi-ning ni. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń já bọ́. Ó ya Ọ̀gá Fan lẹ́nu. Ìsípẹ́kítọ̀ rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò dà bí ẹni tó yà lẹ́nu rárá.

“Ọ̀gá Fan, níbo lẹ ti ń ra àwọn àpò yìí?”

“Páálí kan ni mo rà lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ṣì kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.”

“Mo ti wo gbogbo èyí tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì yín. Ọjọ́ kan náà ló wà lára wọn, eruku sì ti bò wọ́n. Ti A-fu yìí nìkan ni ọjọ́ rẹ̀ jìnnà ju tiwọn lọ, kò sì ní eruku. Wọ́n rà á níta, láìpẹ́.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn pẹpẹ náà, ó sì mú ẹyọ ìpápánu gbígbẹ kan jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. “Ó ń ta sánsán àgbọn, bíi ti inú àpò yìí. Ẹni tó ṣí àpótí yìí, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, àpò àtijọ́ bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní odidi páálí, Ọ̀gá Fan, kí lẹ máa fi ẹyọ kan ṣe nílé ìtajà? Ẹni tó rà á kò lè wá tọrọ lọ́dọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni náà ṣẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà á láti fi A-fu sílẹ̀ láìsí nǹkan lórí. Ó di ẹ̀rọ náà lójú tán, ó tún wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.”

Kò wo Yi-ning nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyẹn ló burú jù.

“Ẹ bá mi pe Ẹnjinníà Liao,” ó ní.

*

Chun-hung dé, ó fi àṣíborí ìkọ́lé rẹ̀ há abẹ́ apá, eruku sìmẹ́ńtì wà lára ìrun ojú rẹ̀. Yi-ning ní kí ọkàn òun má lù kìkì, ó sì lù kìkì síbẹ̀. Wò mí, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ara rẹ̀. Wò mí lẹ́ẹ̀kan. Sọ pé àwa méjèèjì ni. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, Yi-ning lè fara da ohunkóhun.

“Ẹnjinníà,” ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí, “wọ́n ti di A-fu lójú. Mo mọ ọwọ́ tó dì í. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ẹnu tó ní kí wọ́n dì í. Ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́?”

Chun-hung rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Yi-ning kì í lè kọ̀. “Ìsípẹ́kítọ̀, irin àti kọnkéré ni iṣẹ́ mi. Èmi ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ. Ọwọ́ Mísì Chuang ni gbogbo ìyẹn wà.”

Mísì Chuang. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìyí ohùn padà, ohùn kan náà tó fi béèrè nígbà yẹn pé ṣé tíì rẹ̀ dùn tó.

Yi-ning dúró de omijé, omijé kò dé. Ohun tó dé ni ìmọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ kedere tó sì burú: ohun tí Chun-hung ṣe sí òun yìí, òun náà ti ṣe é láàárọ̀ yìí, sí obìnrin tó gbé gúáfà wá. Mo ti wò ó, Màmá. Pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

“Ilé ẹjọ́ lè gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ètò,” ni Ìsípẹ́kítọ̀ wí, ó dà bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Yóò dé lọ́jọ́ kan. Àmọ́ Wan-tsai á ti wà lẹ́wọ̀n kó tó dé.”

Yi-ning rìn kọjá lára Chun-hung. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò aláwọ̀ ewé náà, ó gbé e sórí àga, ó sì tẹrí ba fún un díẹ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ó ṣí ìdérí. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́.

“Yi-ning.” Chun-hung rántí orúkọ rẹ̀ báyìí. “Yi-ning, kí lò ń ṣe? Ronú nípa wa.”

“Mo ti ń ronú nípa wa látọjọ́ yìí,” ni ó wí. “Màmá Kuo nìkan ni mi ò tíì ronú nípa rẹ̀.”

“Ṣé o mọ orúkọ tí yóò kọ́kọ́ jáde?” ni Ìsípẹ́kítọ̀ béèrè lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.” Ó dá kọ́kọ́rọ́ A-fu padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó pa ìdérí dé. “A-fu, wá ìwé owó-iṣẹ́ Hsu Wan-tsai fún irin bákónì àjà kẹjọ. Èyí tí a fọwọ́ sí àti èyí tí a dá padà.”

“Mo rí ọ̀kan,” ni A-fu wí, bí ẹni pé ojoojúmọ́ ló ń rí i. “Agbaṣẹ́ṣe béèrè owó ìdajì iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé irin tí wọ́n gbé wá tín-ín-rín, kò sì tó fún ìlà kejì; pé òun sọ fún Ẹnjinníà Liao, Ẹnjinníà Liao ní kí wọ́n máa da kọnkéré lọ. Ìwé náà kò gba ìfọwọ́sí. Ẹni tó dá a padà: Chuang Yi-ning. Ìdí tó kọ: Ẹnjinníà Liao ní kí fóòmàn tún un kọ, kí ó yọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kúrò.”

Ètò náà kì í jẹ́ kí èèyàn dá ìwé padà láìkọ ìdí. Akọ̀wé tó dáńtọ́ ni Yi-ning, òótọ́ ló sì kọ lọ́jọ́ náà, torí kò tíì sí ìdí láti purọ́ nígbà yẹn.

Àṣíborí Chun-hung bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó bá a mú un. Ọ̀gá Fan ń wò ó bí ẹni tó ń wo bákónì mìíràn tó fẹ́ já.

“Ṣé ohun mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n bá yín wá?” ni A-fu béèrè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Ó tó,” ni Yi-ning wí. “Ẹ ṣeun.”

Ìsípẹ́kítọ̀ Shih ti ń bá agbẹjọ́rò ìjọba sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó parí, ó ní kí Yi-ning mú kóòtù rẹ̀, kí òun àti Chun-hung máa bọ̀, ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yi-ning mú kóòtù. Ó da fọ́tò etí adágún dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ó fẹ́ máa lọ, Ìsípẹ́kítọ̀ sì na àpò ọ̀rá gúáfà sí i.

“Mi ò lè jẹ ẹ́, mà.”

“Ta ló ní kó o jẹ ẹ́? Wọ́n á dá Wan-tsai sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, ẹnu ilẹ̀kùn kan náà ni ẹ ó sì gbà, òun á máa jáde, ìwọ á máa wọlé.” Ó fi àpò náà lé e lọ́wọ́, ó sì pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. “Gbé e dání. Fúnra rẹ lo máa dá a padà fún un, kó o sì sọ ìdí.”